Káǹpù olóru mẹ́rin fún àwọn ọmọ alátọ̀gbẹ ní Iléṣà: báwo la ó ṣe ṣètò rẹ̀?

Ọmọ Ọbòkun béèrè:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin dókítà àti gbogbo òbí tó wà níbí. A ń ṣètò káǹpù kan ní Iléṣà nínú ìsinmi gígùn, oṣù Kẹjọ, fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní, ìyẹn àwọn tí ara wọn kò pèsè ínsúlínì mọ́, oje tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ 16 ni. Ọjọ́ márùn-ún, òru mẹ́rin. Ilé-ìwé kan tó ní ilé ìbùsùn la ó lò, kò sì jìnnà sí ilé ìwòsàn Wesley Guild.

Mọ́kànlá nínú wọn ń gba ínsúlínì àpòpọ̀ 70/30 láàárọ̀ àti lálẹ́. Mẹ́ta ń gba NPH (ínsúlínì tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀) àti Regular (èyí tó tètè ń ṣiṣẹ́) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Méjì ń lo pẹ́ẹ̀nì: èyí tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ ṣáájú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan.

Ṣé ká dín ínsúlínì kù, kí sì ni iye tí a ó yọ? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ká dìde wọn ṣúgà lóru? Iná mọ̀nàmọ́ná kì í dúró. A ti ra àmù mẹ́rin láti fi tọ́jú ínsúlínì, ṣé ó tó? Sítírípù ìwọn-ṣúgà mélòó ni ká rà? Àwọn ọmọ tún ń bẹ̀ wá pé káwọn dé omi Olúmirìn ní Èrìn-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ìṣirò gan-an la fẹ́. "Ẹ ṣáà máa ṣọ́ wọn" kò lè ràn wá lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Òru dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Ọmọ Ọbòkun. Láti òru ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ewu tó pọ̀ jù wà. Lọ́sàn-án, ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ ń wálẹ̀ á gbọ̀n, á làágùn, á máa bínú láìnídìí, ẹnìkan á sì rí i. Lóru, ojú oorun ló wà, ẹni tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà sì ti sùn.

Nǹkan méjì ló ń pàdé lórí ọmọ náà lóru. Èkíní ni eré ọ̀sán. Iṣan tó ti sáré á ṣì máa fa ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó lè fi dí èyí tó ti lò. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lè mú ṣúgà wálẹ̀ ní agogo kan òru. Èkejì ni NPH. 70 tó wà nínú 70/30 yẹn, NPH ni. Agbára rẹ̀ máa ń ga jù láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ọmọ tó gba tirẹ̀ ní agogo mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, láàárín agogo mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́ sí mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni ínsúlínì yẹn ń jà jù, nígbà tí oúnjẹ alẹ́ ti dà nínú ikùn.

Nítorí náà, ìgbà mẹ́ta ni kí ẹ wọn gbogbo wọn: agogo mẹ́sàn-án kí wọ́n tó sùn, agogo méjìlá, àti agogo mẹ́ta. Ẹ má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí pé "tirẹ̀ kì í wálẹ̀ nílé". Nílé kì í sáré tó báyìí.

Ní agogo mẹ́sàn-án, tí ó bá wà láàárín 70 sí 125 mg/dL, ẹ fún un ní ìpápánu tó ní gíráàmù 15 sí 20 kabohaidréètì (èròjà oúnjẹ tó ń di ṣúgà nínú ara) láìfi ínsúlínì bò ó. Tí ó bá wà láàárín 126 sí 180, kó sùn; àmọ́ tí eré ọjọ́ yẹn bá le, ẹ fún un ní díẹ̀. Tí ó bá ju 250 lọ, ẹ wo kítónì kó tó sùn, ìyẹn oró tó ń kóra jọ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ nígbà tí ínsúlínì kò bá tó. Ní agogo méjìlá tàbí mẹ́ta, ọmọ tó bá wà láàárín 70 sí 100, ẹ jí i, ẹ fún un ní gíráàmù 10 sí 15, ẹ sì tún un wọ̀n láàárín wákàtí kan. Dókítà káǹpù yín lè yí àwọn nọ́ńbà yìí padà fún ọmọ kan, àmọ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó má fi ẹnu sọ ọ́.

Ohunkóhun tó bá ti wà lábẹ́ 70, ìtọ́jú ni, kì í ṣe ìpápánu. Gíráàmù 15 ṣúgà tó ń yára wọ ẹ̀jẹ̀: hóró ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin, tàbí mílílítà 150 ẹlẹ́rìndòdò (ẹ wo ara ìgò, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n yọ ṣúgà rẹ̀), tàbí ṣíbí ìjẹun kan oyin. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wọ̀n. Tí kò bá tíì kọjá 70, ẹ tún un ṣe. Ìgbà tó bá gòkè tán ni ẹ óò tó fún un ní búrẹ́dì tàbí nǹkan mìíràn tí yóò gbé e dé àárọ̀.

Àṣìṣe méjì ni mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún níbí. Ṣokoléètì, bisikíìtì àti ẹ̀pà kì í ṣe ìtọ́jú. Ọ̀rá inú wọn ń dá ṣúgà dúró nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ kíákíá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ má fún un ní odidi ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ìbẹ̀rù ló ń mú ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣúgà á fò lọ sí 300, ẹlòmíràn á fún un ní ínsúlínì láti lé e wálẹ̀, ọmọ á sì tún wálẹ̀ ní ìdájí.

Ẹ gbé ọmọ jókòó dáadáa, kó lajú, kó dáhùn orúkọ rẹ̀, kí ẹ tó fi ohun mímu sí i lẹ́nu. Tí kò bá lè dáhùn, tàbí tí gìrì bá mú un, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, yóò gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá ní abẹ́rẹ́ glucagon, èyí tó ń gbé ṣúgà sókè, odidi mg 1 ni fún ọmọ tó ju kílò 25 lọ, ìdajì rẹ̀ fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, nínú ẹran itan. Ẹ pò ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ omi tó bá a wá nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó gan-an, kì í ṣe ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bì lẹ́yìn rẹ̀, ìdí mìíràn tí a fi ń dá wọn sí ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Tí kò bá sí glucagon, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó lè wá iṣan ẹ̀jẹ̀ wà ní káǹpù lóru, pẹ̀lú dextrose, omi ṣúgà tí a ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n tí ó yẹ ni mílílítà 2 dextrose 10% fún kílò kan: ọmọ kílò 40 á gba mílílítà 80. Ìgò 50% ni ẹ máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ki jù fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Mílílítà 20 rẹ̀ pẹ̀lú mílílítà 80 omi abẹ́rẹ́ á fún yín ní 100 mílílítà 10%.

Ti ìbùsùn: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sórí bẹ́ẹ̀dì òkè. Ẹni tí gìrì bá mú níbẹ̀ á ré lulẹ̀, ẹ̀yin náà kò sì ní lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ lẹ orúkọ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ má fi ìka ọmọ kan wọn ti ẹlòmíràn nínú òkùnkùn. Tọ́ọ̀ṣì tí a fi aṣọ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ dì lójú kì í jí àwọn yòókù. Àwọn tí ṣúgà wọn máa ń ga, ẹ fi wọ́n sí ìtòsí ilẹ̀kùn, nítorí wọn óò máa dìde tọ̀. Tí ọmọ ọdún 13 bá tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣúgà ló sábà máa ń fa á. Ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a.

Èèyàn méjì ni kó wà lójúfò lóru kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ẹni tó ti bá wọn gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ kò lè jí ní agogo mẹ́ta, bó ti wù kó fẹ́ràn wọn tó.

Dókítà Ọmọdé dáhùn:

Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ n fi ti ínsúlínì kún un.

Ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún la sábà máa ń yọ fún ọmọ tó ń bọ̀ wá sí ibi tí eré ti pọ̀ ju ti ilé lọ. Ẹ mú ọmọ kílò 40 tó ń gba yúníìtì 32 lóòjọ́: 22 láàárọ̀, 10 lálẹ́. Ẹ lè yọ ti alẹ́ sí 8, kí ti àárọ̀ sì di 20. Láti ọjọ́ kejì lọ, ohun tí ẹ rí lóru ni yóò sọ bóyá ẹ óò tún yọ sí i tàbí ẹ óò dá a padà. Èyí kì í ṣe ti gbogbo wọn o. Ọmọ tó bá dé pẹ̀lú ṣúgà 300 àti kítónì nínú ìtọ̀, ẹ má yọ yúníìtì kan. Kí dókítà tó ń tọ́jú ọmọ kọ̀ọ̀kan nílé kọ iye tuntun sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kí ìwé náà sì dé ọwọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Àwọn mẹ́ta tó ń gba NPH lọ́tọ̀ ní àǹfààní kan. Kí wọ́n gba Regular ṣáájú oúnjẹ alẹ́, kí NPH dúró di agogo mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Agbára rẹ̀ á sún mọ́ ìdájí, nígbà tí ara nílò rẹ̀ jù. Àwọn mọ́kànlá 70/30 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ti pò tiwọn pọ̀ láti ilé iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìpápánu agogo mẹ́sàn-án fi ṣe pàtàkì fún wọn ju fún àwọn onípẹ́ẹ̀nì lọ.

Ọjọ́ orí wọn náà ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ń bàlágà, oje inú ara tó ń mú wọn ga sókè máa ń mú kí ínsúlínì má fi bẹ́ẹ̀ ran wọn, pàápàá ní ìdájí. Àwọn ọmọbìnrin kan tún máa ń rí i pé tiwọn ń ga ní bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú nǹkan oṣù. Nítorí náà tí ẹ bá rí 240 ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ẹ má fẹ̀sùn kan ọmọ pé ó jẹ bisikíìtì lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ohun tí ẹ kọ ní agogo mẹ́ta. Tí ó bá ti wà ní 200 nígbà náà, ìdájí ló gbé e sókè. Tí ó bá jẹ́ 62, ìtọ́jú yín ló pọ̀ jù.

Ìwé kan fún ọmọ kan, kí oúnjẹ, eré, ínsúlínì àti ṣúgà wà lójú ìwé kan náà. Nígbà tí David Morley, dókítà ọmọdé, ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild, ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti gbé káàdì ìdàgbàsókè ọmọdé kalẹ̀, èyí tí ìyá fi lè wo ìlà kan kó mọ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà. Ẹni tó jí lójijì ní agogo mẹ́ta nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n sí orí rẹ̀ pẹ̀lú: ẹ̀rọ kan lè máa fi mg/dL hàn, òmíràn mmol/L. 5.0 lójú ẹ̀rọ kejì jẹ́ 90 lójú èkíní. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó dára kí gbogbo káǹpù lo ẹyọ ìwọ̀n kan ṣoṣo.

Kítónì: yàtọ̀ sí ti agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tí Nọ́ọ̀sì ti sọ, ẹ wò ó nígbàkígbà tí ṣúgà bá ju 250 lọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, tàbí tí ọmọ bá ń bì, kódà tí ṣúgà kò bá ga. Ìṣẹ́jú-àáyá 15 gan-an ni kí ẹ fi ka sítírípù ìtọ̀. Tí ẹ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àwọ̀ á ṣókùnkùn, yóò sì tàn yín jẹ. Tí kò bá pọ̀, omi púpọ̀, ínsúlínì àfikún gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ṣe kọ ọ́, kò sí eré, ẹ tún un wò lẹ́yìn wákàtí méjì. Tí ó bá pọ̀, tàbí tí inú ń run ún, tó ń mí gúlegúle, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, Wesley Guild ni lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ ti mú orúkọ àti ìwé àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ kí káǹpù tó bẹ̀rẹ̀, kí mọ́tò kan sì wà nílẹ̀ lóru pẹ̀lú awakọ̀ àti epo.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ eléyìí sára ògiri: ọmọ tí kò lè jẹun kò gbọdọ̀ ṣàìgba ínsúlínì. Iye rẹ̀ la lè dín kù. A kì í dá a dúró pátápátá. Tí ibà bá mú ọmọ, ṣúgà sábà máa ń ga, ẹ ó wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì-méjì. Tí wọ́n bá fún un ní quinine nílé ìwòsàn, oògùn yẹn lè fa ṣúgà wálẹ̀, kí ẹni tó tẹ̀ lé e mọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ bi òbí léèrè nípa àgbo tó wà nínú ẹrù ọmọ. Kò sí àgbo tó lè rọ́pò ínsúlínì fún irú kìíní, pípa á pọ̀ mọ́ ọn láìsọ sì ń ba ìṣirò yín jẹ́.

Ní ti kíkọ́ wọn: ẹ jẹ́ kí wọ́n gún ara wọn. Leonard Thompson tó kọ́kọ́ gba ínsúlínì ní Toronto ní oṣù Kìíní 1922, ọmọ ọdún 14 ni. Nígbà tó máa fi di 1925, Leonard Wendt ti kó àwọn ọmọ alátọ̀gbẹ jọ sí káǹpù ní Michigan. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣì ń gún ní ọmọ ọdún 13, tó bá rí ojúgbà rẹ̀ tó ń gún ara rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ọjọ́ kejì lòun náà á béèrè sírínjì.

Apòògùn Lágere dáhùn:

Sítírípù kọ́kọ́. Ọmọ kan: ṣáájú oúnjẹ mẹ́ta, agogo mẹ́sàn-án, méjìlá, mẹ́ta. Mẹ́fà nìyẹn. Ẹ fi mẹ́rin kún un fún eré, àìlera àti àtúnwọ̀n. 10 lóòjọ́, ọmọ 16, ọjọ́ 5, ó di 800. Páálí oní-50 mẹ́rìndínlógún; ẹ ra 18. Sítírípù ẹ̀rọ kan kì í bá òmíràn mu, nítorí náà ẹ ra irú kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ dé ìgò sítírípù gbọnyingbọnyin lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rinrin oṣù Kẹjọ ń ba wọ́n jẹ́. Kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n sì nù ún gbẹ. Ọmọ tó bó ọsàn tán, tí kò fọ ọwọ́, ẹ̀rọ á ka ṣúgà orí ìka rẹ̀. Tí omi bá ṣì wà lórí ìka, á pò mọ́ ẹ̀jẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ìtẹ̀ka àti ohun tí a ń fi tẹ̀ ẹ́, ẹnìkan-ẹnìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ni pẹ́ẹ̀nì ínsúlínì, kódà tí ẹ bá pààrọ̀ abẹ́rẹ́ orí rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè padà wọ inú rẹ̀. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B) ń gba irú ọ̀nà yìí. Gbogbo ohun tó mú, inú àpótí yẹ́lò. Ẹ pa á dé nígbà tó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Tí kò bá sí, gálọ́ọ̀nù oníke líle tó ní ọmọrí á ṣe é. Ẹ má lo ọ̀rá tàbí ike omi.

Ti àmù: àmù kékeré nínú ńlá, iyanrìn tútù láàárín, aṣọ tútù lórí, níbi tí atẹ́gùn wà, ọ̀nà gidi ni nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Omi tó ń gbẹ kúrò lára amọ̀ ló ń mú un tutù. Ní oṣù Kẹjọ ní Iléṣà, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, iyanrìn kì í gbẹ, nítorí náà kò ní tutù tó bí ẹ ṣe rò. Ọlọ́run sì ṣe é, oṣù yẹn kì í gbóná. Ínsúlínì tí ẹ ti ṣí lè wà níta fún ọjọ́ 28 tí ibẹ̀ kò bá ju 30°C lọ. Ẹ fi tẹmómítà sínú àmù kí ẹ máa kà á láàárọ̀ àti ní ọ̀sán. Àwọn tí ẹ kò tíì ṣí ló nílò 2 sí 8°C. Kúlà pẹ̀lú yìnyín ni fún ìyẹn, àmọ́ ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé ínsúlínì, kó má kan yìnyín. Ínsúlínì tó bá ti dì kò wúlò mọ́, kódà tó bá yọ́ padà, ojú kò sì lè mọ̀ ọ́n nígbà gbogbo. Kí ẹ tún ṣọ́ra fún mọ́tò tí wọ́n tì pa sínú oòrùn.

70/30 àti NPH gbọdọ̀ funfun bíi mílíìkì lẹ́yìn tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i bí ìgbà 10 sí 20. Ẹ má mì í jìgìjìgì. Tí ẹ bá rí ìdì tàbí tí ó lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ dà á nù. Regular gbọdọ̀ mọ́ gaara. Àwọn tó ń po méjèèjì sínú sírínjì kan, kí wọ́n kọ́kọ́ fa èyí tó mọ́, kí NPH má bàa wọ inú ìgò Regular.

Sírínjì ni ibi tí mo ń bẹ̀rù jù. Nínú sírínjì ínsúlínì 100 yúníìtì, ìlà kan sábà máa ń jẹ́ yúníìtì 2. Nínú ti 30 àti 50, ìlà kan jẹ́ 1. Ọmọ tó mọ̀ pé "ìlà mẹ́jọ" lòun ń fà nílé, tí ẹ bá fún un ní sírínjì ńlá, 16 ló máa gún. Irú sírínjì kan ṣoṣo ní gbogbo káǹpù. Kí ọmọ ka nọ́ńbà sókè, kí àgbà kan wo sírínjì, kó tún ìwé wò, kí wọ́n tó gún un.

Ìyá Olóúnjẹ Ifẹ̀ dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin aláṣẹ ìlera. Ẹ jẹ́ n bá Ọmọ Ọbòkun sọ ti ìdáná, nítorí ìdáná lè ba gbogbo iṣẹ́ yín jẹ́.

Ẹni tó gba 70/30 ti so ara rẹ̀ mọ́ aago. Abẹ́rẹ́ ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú oúnjẹ àárọ̀, ìpápánu ní agogo mẹ́wàá, oúnjẹ ọ̀sán tí kò gbọdọ̀ pẹ́, nítorí NPH àárọ̀ ti ń ga bọ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á gún àwọn ọmọ tán, gáàsì á tán lábẹ́ ìkòkò. Òfin kan ni: kò sí abẹ́rẹ́ títí adáná á fi sọ pé oúnjẹ ti jinná, ó ku kí a bù ú. Kí búrẹ́dì wà nílẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ ra òṣùwọ̀n ìdáná, èyí tó ń ka gíráàmù. Ẹ má fojú wọn ẹ̀bà. Bí omi bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀bà ló ń yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, gàrí inú rẹ̀ kò yí padà. Ẹ wọn gàrí gbígbẹ: gíráàmù 60 ní bíi 50 kabohaidréètì. Iyán náà, kò sí bí a ó ṣe wà ní Iléṣà kí a má gún iyán fọ́mọ, ẹ wọn iṣu sísè kí ẹ tó gún un. 100 gíráàmù iṣu sísè ní bíi 27. Ife ìrẹsì sísè kan, bíi 45. Ìdajì ife ẹ̀wà sísè, bíi 20, kì í sì í yára gbé ṣúgà sókè, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín fún oúnjẹ alẹ́. Búrẹ́dì tiwa nípọn yàtọ̀ síra, ẹ wọ̀n ọ́n: gíráàmù 30 ní bíi 15. Ọsàn kan tó mọ níwọ̀n, bíi 15.

Ìpápánu agogo mẹ́sàn-án: gíráàmù 30 búrẹ́dì pẹ̀lú ẹyin sísè tàbí ẹ̀pà. Búrẹ́dì nìkan kò ní dé agogo mẹ́ta. Ẹ má fún wọn ní gàrí mímu lálẹ́; ó máa ń gbé ṣúgà sókè kíákíá, kì í sì í dúró pẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yó. Ọmọ tó ń dàgbà tí ẹ fi ebi pa nítorí àtọ̀gbẹ á jí oúnjẹ jẹ, kò ní sọ fún yín, ínsúlínì yín á sì ṣìnà. Tí wọ́n bá fẹ́ bù sí i, ẹ bù ú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ọbòkun:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yí ti bẹ́ẹ̀dì òkè padà, a ó sì ra kúlà méjì. Ẹ kò tíì sọ ti Olúmirìn. Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, la fi sí.

Nọ́ọ̀sì Òru:

Ẹ gbé e sí àárọ̀, Ọmọ Ọbòkun. Eré ìrọ̀lẹ́ ló ń mú ṣúgà òru wálẹ̀ jù. Tí wọ́n bá gòkè ní agogo mẹ́wàá, púpọ̀ nínú àbájáde rẹ̀ á ti hàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Orí ìpele méje ni omi yẹn ti ń ṣàn wálẹ̀. Ẹ fi tiyín mọ sí ìsàlẹ̀. Àpáta ń yọ̀ ní àsìkò òjò, omi sì ń le.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ikùn ni kí wọ́n gún, kì í ṣe itan. Ẹsẹ̀ tó ń gun òkè á mú ínsúlínì yára wọlé. Ẹ wọn wọ́n kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Lábẹ́ 90, gíráàmù 10 sí 20, kí wọ́n sì dúró kó gòkè. 90 sí 125, gíráàmù 10. Láti 126 sí 270, kó máa lọ. Tó bá ju 270 lọ, kítónì ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Tí kítónì bá wà, kó jókòó ti mọ́tò pẹ̀lú àgbà kan. Lójú ọ̀nà, ẹ wọn wọ́n ní ìṣẹ́jú 30-30, kí ọmọ kílò 40 sì máa rí bíi gíráàmù 20 sí 40 jẹ láàárín wákàtí kan.

Méjì-méjì ni kí wọ́n máa rìn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ àmì ti ẹnìkejì. Hóró ṣúgà mẹ́jọ nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, nínú àpò ara ọmọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú báàgì olùkọ́ tó ti ṣáájú lọ. Ọmọ tó ń gbọ̀n nínú omi tútù, ẹ má rò pé òtútù ni. Ẹ fà á jáde, ẹ nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n. Bàtà kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, kódà nínú omi.

Dókítà Ọmọdé:

Kí ínsúlínì alẹ́ ọjọ́ Olúmirìn tún dín ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Nǹkan kan ṣì kù tí ẹ kò bi wá. Ẹ kọ òru mẹ́rin, márùn-ún ni. Eré ọjọ́ tó kẹ́yìn ń bá wọn délé, àbájáde rẹ̀ lè pé wákàtí 24. Òbí tó bá gbọ́ pé káǹpù ti parí á dá ínsúlínì padà sí iye tàtijọ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ á wálẹ̀ lóru nílé, kò sì ní sí ẹni tó jí. Ẹlòmíràn á gbàgbé, á fi iye káǹpù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣúgà á ga. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iye alẹ́ àkọ́kọ́ nílé, iye tí wọ́n á padà sí láti ọjọ́ kejì, àti kí wọ́n jí wọn ọmọ ní agogo mẹ́ta.

Ọmọ Ọbòkun:

Ó yé mi, Dókítà. A ó di sítírípù mẹ́rin, abẹ́rẹ́ ìtẹ̀ka mẹ́rin àti hóró ṣúgà mẹ́jọ sínú ọ̀rá kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, a ó lẹ ìwé náà mọ́ ọn, ọwọ́ òbí gan-an la ó fi lé ní ẹnu ọ̀nà. Sítírípù 64 nìyẹn; páálí 18 ṣì gbà á.